Awò wo ni kí n rà fún wíwo owó ẹyọ àti sítáǹbù?

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin tó ń kó owó àtijọ́ jọ. Ìjẹ̀bú-Òde ni mo wà (ẹ má bá mi wí, ọmọ Ìjẹ̀bú fẹ́ràn owó, kódà èyí tí kò ṣeé ná mọ́). Bàbá mi àgbà fi agolo kan sílẹ̀: ọ̀níní àti kọ́bọ̀ onihò ayé Gẹ̀ẹ́sì, tọ́rọ́, sísì, pẹ̀lú sítáǹbù díẹ̀.

Lára kọ́bọ̀, lẹ́tà H tàbí KN bíńtín ni mò ń wá, èyí tó ń sọ ilé-iṣẹ́ tó rọ ọ́ ní Birmingham. Ojú lásán kò rí i dáadáa, pàápàá níbi tó ti dípẹtà. Ẹnìkan tó ń tún aago ṣe yá mi ní awò tirẹ̀, èyí tó ń mú kí nǹkan tóbi ní ìlọ́po 10. Ó hàn kedere, ṣùgbọ́n ibi tó ń fi hàn kéré jọjọ, mo sì ní láti sún mọ́ owó náà débi pé òjìji orí mi ń bò ó. Fún sítáǹbù, ó sú mi pátápátá. Ṣé kí n ra ìlọ́po 5 fún sítáǹbù, kí n fi 10 sílẹ̀ fún owó nìkan?

Àwọn awò kan tún ní iná nínú. Mi ò fi bẹ́ẹ̀ gbà á gbọ́: ara owó a máa kọ mànà, iná tó bá ti ẹ̀gbẹ́ wá ló ń gbé àmì jáde. Àwọn tó ń lò ó ńkọ́?

Mo sì ń rí ìlọ́po 40 ní owó pọ́ọ́kú lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó jọ irọ́ lójú mi. Ta ló mọ ibi tí mo ti lè dán an wò kí n tó sanwó, ní Ìjẹ̀bú-Òde tàbí Ṣágámù?