Méèlì ò jáde nínú Postfix mi, ẹ bá mi wò ó

OmoAdo_Linux:
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ọjọ́ kẹta rèé tí mi ò rójú sùn. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan níbí ní Adó-Èkìtì ló gbé iṣẹ́ fún mi, wọ́n ní àwọn fẹ́ máa fi ímeèlì tó ń jẹ́ orúkọ ẹgbẹ́ fi sítétímẹ́ǹtì ránṣẹ́ sáwọn mẹ́ńbà níparí oṣù, àwọn ò lo Gmail mọ́. Mo wá rẹ́ǹtì VPS kan (sáfà orí íńtánẹ́ẹ̀tì), Debian 12 (irú Linux kan) ló wà lórí ẹ̀, mo gbé Postfix tó ń fi méèlì ránṣẹ́ tó sì ń gbà á, àti Dovecot tó ń jẹ́ kéèyàn rí méèlì ẹ̀ kà, sí i. Èyí tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ sí wa ń wọlé dáadáa o, èyí tí àwa bá fi ránṣẹ́ ni ò kúrò lójú kan, ńṣe ni wọ́n tò sílẹ̀ bí èrò tó ń retí ọkọ̀ Àkúrẹ́. Mi ò rí /var/log/mail.log (fáìlì àkọsílẹ̀ méèlì) rárá, journalctl ni mo fi rí eléyìí:

`connect to gmail-smtp-in.l.google.com:25: Connection timed out`

Èyí tó ṣe kókó nínú postconf -n (ètò Postfix) mi rèé:

`mynetworks = 0.0.0.0/0`
`relayhost =`

Mynetworks yẹn, fídíò kan ni mo ti rí i, wọ́n ní òun ló máa jẹ́ kí fóònù akọ̀wé lè fi méèlì ránṣẹ́. Mo ti restart ẹ̀ títí ó ti sú mi.

BabaRoot:
Yọ mynetworks yẹn kúrò báyìí báyìí kó o tó ka ìyókù!! O ò mọ ohun tó o ṣe ni? 0.0.0.0/0 túmọ̀ sí pé ẹnikẹ́ni lágbàáyé lè gba ọ̀dọ̀ ẹ fi méèlì ránṣẹ́ láìfi páásíwọ́ọ̀dù kankan sí i, ìyẹn ni wọ́n ń pè ní open relay. O ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ gbàgadà o wá lọ sùn. Orí ló yọ ẹ́ pé ọ̀nà tó jáde ti dí. Fi èyí sí i:

`mynetworks = 127.0.0.0/8 [::1]/128`

Fóònù akọ̀wé, port 587 (ẹnu ọ̀nà kan lára sáfà) ni kó gbà, pẹ̀lú orúkọ àti páásíwọ́ọ̀dù. Yọ # tó wà níwájú submission nínú master.cf, kó o sì jẹ́ kí Dovecot máa yẹ páásíwọ́ọ̀dù wò (smtpd_sasl_type = dovecot). Tẹ mailq (ó ń fi àwọn méèlì tó tò sílẹ̀ hàn) kó o sọ iye tó wà níbẹ̀ fún wa.

OmoAdo_Linux:
Ẹ̀rù bà mí sà. 4,000 ó lé! Mélòó ni ti ẹgbẹ́ wa nínú ẹ̀, mẹ́fà péré. Ìyókù, èdè tí wọ́n fi kọ ọ́ gan-an mi ò gbọ́ ọ.

Sysadmin_Ikere:
Hmm. Ohun tí bàbá sọ nìyẹn. Àbúrò, kó gbogbo ẹ̀ dànù, `postsuper -d ALL`, mẹ́fà tiyín náà á bá a lọ, ẹ ó tún un fi ránṣẹ́. Má tan relay kankan (sáfà ẹlòmíì tó máa bá ẹ fi méèlì ránṣẹ́) kó o tó ṣe èyí o, torí tó o bá tàn án báyìí, 4,000 yẹn á rọ́ jáde lórúkọ ẹ, wọ́n á ti àkáǹtì ẹ pa lọ́jọ́ kan náà.

Ní ti timeout yẹn, Postfix ò ṣe nǹkan kan. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ta VPS ló máa ń dí port 25 tó ń jáde (ẹnu ọ̀nà tí sáfà méèlì kan ń gbà bá òmíràn sọ̀rọ̀) torí àwọn onísípáàmù. Fi `nc -vz gmail-smtp-in.l.google.com 25` dán an wò, tí ò bá dáhùn, kọ̀wé sí wọn kí wọ́n ṣí i. Tí wọ́n bá kọ̀, wá ilé iṣẹ́ relay kan, kó o kọ orúkọ sáfà wọn báyìí:

`relayhost = [orúkọ-sáfà-wọn]:587`

Má yọ àkámọ́ yẹn, òun ló ń sọ fún Postfix pé kó má wá MX (àkọsílẹ̀ sáfà tó ń gba méèlì fún dómeènì). Páásíwọ́ọ̀dù relay ń lọ sínú fáìlì sasl_passwd, chmod 600 kí ẹlòmíì má lè kà á, lẹ́yìn náà postmap. Fi libsasl2-modules (òun ló ń jẹ́ kí Postfix lè fi páásíwọ́ọ̀dù wọlé sí relay) sí i pẹ̀lú, ibẹ̀ ló jẹ mí níyà fún odidi ọ̀sẹ̀ kan.

Nítorí mail.log tó o ń wá, Debian 12 kì í gbé rsyslog (ohun tó ń kọ fáìlì yẹn) wá fúnra ẹ̀ mọ́.

OmoAdo_Linux:
Wọ́n kọ̀ láti ṣí i mà, mo ti gba relay. Ó jáde!!! Àmọ́ inú spam ló bọ́ sí.

Sysadmin_Ikere:
O ò tíì ṣe SPF (àkọsílẹ̀ àwọn sáfà tó lè fi méèlì ránṣẹ́ lórúkọ dómeènì ẹ) àti DKIM (òǹtẹ̀ tó ń fi hàn pé dómeènì ẹ ni méèlì ti wá) nìyẹn. Láti February 2024 ni Google ti ní kí ẹni tó bá ń fi méèlì ránṣẹ́ sí Gmail ní ó kéré tán ọ̀kan nínú méjèèjì, ìwọ ṣe méjèèjì. Ilé iṣẹ́ relay yẹn á fún ẹ ní TXT (ọ̀rọ̀ àkọsílẹ̀) tí wàá gbé sínú DNS (ibi tí wọ́n ń kọ ètò dómeènì sí). Má kọ SPF méjì fún dómeènì kan o, ẹyọ kan ni, kó o fi include tiwọn sínú ẹ̀.

OmoAdo_Linux:
Ó ti bọ́ sí inbox mà, ẹ ṣé, ẹ̀yin náà sà. Akápò ti rí tiẹ̀, ó ń pariwo pé owó tó wà nínú sítétímẹ́ǹtì òun ò pé. Ìyẹn kọ́ ni Postfix.