Òdòdó aster ìgbẹ́ tó hù lẹ́yìn ilé mi máa ń wó lulẹ̀: kí ni kí n ṣe?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Maryland ni mò ń gbé, ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ewéko kan lalẹ̀ hù lẹ́yìn ilé wa, kì í ṣe èmi ni mo gbìn ín. Díẹ̀ ló kù kí n fà á tu, àfi bó ṣe di oṣù kẹsàn-án tó tanná aláwọ̀ àlùkò, tí àárín rẹ̀ pupa rúsúrúsú bí inú ẹyin. Ó rẹwà púpọ̀! New England aster ni wọ́n ń pè é níbí. Igi rẹ̀ nírun, ewé rẹ̀ kò ní ọrùn, ṣe ló dì mọ́ ara igi. Bílẹ̀ bá ṣú, òdòdó rẹ̀ á padé.

Nígbà òtútù, gbogbo rẹ̀ á gbẹ dé ilẹ̀. Bí òtútù bá lọ, á tún hù láti ìdí, á sì fẹ̀ sí i. Igi kan péré ti di agbo.

Ìṣòro mi ni pé ó ti ga dé èjìká mi. Bí òdòdó bá ti kún un, á wó, ewé ìsàlẹ̀ á sì ti gbẹ dànù. Mo gbọ́ pé kéèyàn gé orí rẹ̀ nínú oṣù kẹfà kó lè yọ ẹ̀ka. Ìdílé kan náà lòun àti ewúro, ewúro kì í sì í bẹ̀rù ọ̀bẹ, ṣùgbọ́n ẹ̀rù èyí ń bà mí. Ibo ni kí n gé e dé? Ṣé kí n hú u, kí n pín gbòǹgbò rẹ̀? Mi ò fẹ́ pàdánù rẹ̀ rárá, torí òun ni oyin àti labalábá monarch tó ń lọ sí Mẹ́síkò ń jẹ nígbà tí òdòdó yòókù ti tán.