Àdírẹ́sì IP: ká fọwọ́ kọ ọ́, àbí ká fi í sílẹ̀ fún NetworkManager?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Linux dáadáa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kan ní Ikorodu ní kọ̀ǹpútà Debian 12 (irú Linux kan) tí mẹ́rin yòókù ń gba inú rẹ̀ tẹ̀wé. Inú /etc/network/interfaces ni wọ́n fọwọ́ kọ àdírẹ́sì IP rẹ̀ (nọ́ńbà tí àwọn yòókù fi ń rí i lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì), 192.168.1.10, sí, ìdí nìyẹn tí nmcli, àṣẹ NetworkManager (ètò tó ń bójú tó ìsopọ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì), fi ń pe enp3s0 (káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀) ní unmanaged, ìyẹn ni pé kò sí lábẹ́ àbójútó rẹ̀. Àmọ́ láti 192.168.1.2 dé .254 ni router (ẹ̀rọ tó so gbogbo wọn pọ̀) ń pín fún ẹ̀rọ tó bá wọlé, fóònù oníbàárà lè gba .10, ìtẹ̀wé á sì dúró.

Ṣé kí n pa ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ nípa enp3s0 rẹ́, kí n lo ipv4.method manual (kí n fọwọ́ kọ .10 sínú NetworkManager), kí DHCP (ètò tí router fi ń pín àdírẹ́sì) sì bẹ̀rẹ̀ láti .50? Àbí kí n fi í sí auto (kó máa gba àdírẹ́sì lọ́wọ́ router), kí router ya .10 sọ́tọ̀ fún MAC (nọ́ńbà ìdánimọ̀ káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì) kọ̀ǹpútà náà? Ìkejì wù mí jù, ṣùgbọ́n bí iná bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé tí router ò tíì jí tán ńkọ́? Ìṣẹ́jú àáyá 45 péré ni NetworkManager fi ń dúró de DHCP.