Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ìṣirò, ẹ gbà mí lórí 4,294,967,297

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará. Abẹ́òkúta ni mo wà, àdìrẹ ni mò ń tà ní Ìtòkú, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní SS2 ló gbé wàhálà yìí wọ ṣọ́ọ̀bù mi. Ó ní Fermat, ará Faransé ayé àtijọ́, gbà pé téèyàn bá gbé 2 sí pọ́wà 32 tó wá fi 1 lé e, tó di 4,294,967,297, nọ́ńbà prime (èyí tí nọ́ńbà kankan ò lè pín láìṣẹ́kù àyàfi 1 àti òun fúnra ẹ̀) ló máa jẹ́, torí 3, 5, 17, 257 àti 65,537 tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ ìyá kan náà (2 sí pọ́wà 1, 2, 4, 8 àti 16, ká wá fi 1 lé e), prime ni gbogbo wọn. Àfìgbà tí Euler, onímọ̀ ìṣirò mìíràn, dé ní 1732 tó ní rárá o, 641 ń pín in láìṣẹ́kù, ìdáhùn ẹ̀ 6,700,417.

A ti gbìyànjú ẹ̀ sẹ́yìn páálí aṣọ: 7 ló gbẹ̀yìn ẹ̀ torí náà 2 àti 5 ò lè wọ̀ ọ́, a ro àwọn dígíìtì ẹ̀ pọ̀ ó jẹ́ 59, 3 náà jáde nìyẹn, 7, 11, 13, àṣẹ́kù ṣáá, kọ́sítọ́mà sì ń dúró o. Kalikulétọ̀ fóònù gbà pé 641 ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọmọ yẹn ò gba ìyẹn ní àlàyé, èmi náà ò sì gbà á, torí prime tó ṣáájú 641 lé ní ọgọ́rùn-ún, ta ló ráyè!

Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni Euler ṣe mọ̀ pé 641 lòun máa dán wò láì gba ọ̀dọ̀ gbogbo ìyókù kọjá, lọ́nà tó máa yé ọmọ SS2? Ẹ má bínú pé ó gùn díẹ̀, ẹ ṣé gan-an ṣáájú.