Furnace wa kú lóru àná: ẹ gbà mí ní ìmọ̀ràn kíákíá

Ìyá Àṣàkẹ́: Ẹ̀yin ará wa ní Baltimore, ẹ jọ̀wọ́, furnace onígáàsì wa, ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná, ti kú, ọmọ ọwọ́ sì wà nílé. Ẹni tó wá wò ó ní kò ṣe é tún ṣe mọ́. Ṣé kí n ra irú rẹ̀ ni, àbí kí n gbé heat pump sí i, ẹ̀rọ oníná tó ń mú ilé gbóná, tó sì lè mú un tutù bíi AC? Ó ń retí èsì mi lálẹ́ yìí.

Bàbá Túnjí: Ẹ má dán heat pump wò. Ọdún tí a gbé tiwa sílé, atẹ́gùn tó ń ti ojú ihò jáde kò ju kí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ lọ, inú ìbora ni a ti ń jẹun, nígbà tí bílì iná oṣù Ṣẹ́rẹ́ sì dé, mo rò pé wọ́n ti ka ti aládùúgbò mọ́ tiwa ni.

Ọmọ Laurel: Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ kì í dín thermostat, ohun tí a fi ń yan ìwọ̀n ooru ilé, kù kí ẹ tó sùn? Heat pump kì í dá ooru sílẹ̀; ooru inú afẹ́fẹ́ òde ni ó ń fà wọlé, ìdí nìyẹn tí ìwọ̀n iná kan fi lè mú ìwọ̀n ooru méjì tàbí mẹ́ta wá bí òtútù kò bá le jù. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní kí ó gòkè ní ìwọ̀n 10 lẹ́ẹ̀kan náà láàárọ̀, irin agbóná inú rẹ̀ ni yóò tàn láti ràn án lọ́wọ́, irin yẹn ló sì ń jẹ owó.

Bàbá Túnjí: Èmi tí mo ń sùn, ooru kí ni mo ń sanwó rẹ̀? Èéfín tó ń yọ lára rẹ̀ níta ńkọ́?

Ọmọ Laurel: Oru omi ni, ẹ̀gbọ́n. Yìnyín ara rẹ̀ ni ó ń yọ́.

Ará Ẹ̀pẹ́: Gáàsì ni kí ẹ mú, nítorí ọjọ́ tí iná bá lọ.

Ọmọ Laurel: Iná náà ló ń yí fáànù furnace. Ní Houston, nígbà tí iná lọ ní oṣù Èrèlé 2021, gáàsì wà nílé àbúrò mi, òtútù sì mú wọn bí ó ti mú gbogbo àdúgbò.

Ìyá Ìbejì: N kò mọ èyí tó dára jù. Ẹ fi aṣọ dí ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn, kí ẹ fi òrí pa ọmọ lára, kí ẹ má sì ṣe tan ààrò gáàsì láti fi mú ilé gbóná, nítorí afẹ́fẹ́ olóró rẹ̀ kò ní òórùn.

Ìyá Àṣàkẹ́: Ẹ ṣeun, mo ti ka gbogbo rẹ̀. Furnace ni mo mú, nítorí ọkùnrin náà ní ọ̀kan nílẹ̀ tí yóò gbé wá láàárọ̀ ọ̀la, ó sì ní heat pump yóò gba ọ̀sẹ̀ kan. Bí AC wa bá kú, a ó tún ọ̀rọ̀ heat pump sọ.