“Ìkóníjàánu” kọ́ ni “control” tí ìdánwò ń béèrè

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ èdè, mo kí yín. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ìṣàkóso okòwò kan ní Abẹ́òkúta, tí ìdánwò wọn ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ni ó bẹ̀ wá pé kí a bá àwọn wá ọ̀rọ̀ Yorùbá fún iṣẹ́ márààrún tí ìwé wọn ní máníjà ń ṣe, ìyẹn planning, organising, commanding, coordinating àti controlling. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọn yóò fi kọ ìdánwò náà, ṣùgbọ́n Yorùbá ni wọ́n fi ń la ẹ̀kọ́ yé ara wọn nígbà tí wọ́n bá péjọ kàwé lálẹ́, ó sì ti sú wọn láti máa há ohun tí kò yé wọn sórí. Ẹ̀gbọ́n wa tí ó kọ̀wé láti Ìbàdàn fún wọn ní “ètò” fún méjì àkọ́kọ́, ó sì ní kí wọ́n máa pe èyí tí ó kẹ́yìn ní “ìṣàkóso”. Ìyá wa olùkọ́ ní kò rí bẹ́ẹ̀, pé “ìkóníjàánu” ni ó yẹ ẹ́. Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ni mo fi sọ pé n kò fara mọ́ èyíkéyìí nínú méjèèjì.

“Ìṣàkóso” ti ní iṣẹ́ tí ó ń ṣe tẹ́lẹ̀, nítorí pé òun ni a fi ń pe gbogbo iṣẹ́ máníjà lápapọ̀. Bí a bá tún fi orúkọ odidi sọ ẹyọ kan lára rẹ̀, kí ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò wí nígbà tí olùbéèrè bá ní kí ó ya management sọ́tọ̀ kúrò lára controlling? Yóò ní ìṣàkóso jẹ́ apá kan nínú ìṣàkóso. Ní Abẹ́òkúta pàápàá, ìtumọ̀ gbogbogbòò yẹn ti pẹ́: ní ọdún 1865, nígbà tí George William Johnson àti àwọn Sàró ẹgbẹ́ rẹ̀, ìyẹn àwọn tí ó ti Sierra Leone padà wálé, dá ìgbìmọ̀ tí wọ́n pè ní Egba United Board of Management sílẹ̀, iṣẹ́ ìlú lóríṣiríṣi ni “management” inú orúkọ náà ń tọ́ka sí, títí kan gbígba owó ibodè lórí ọjà. Kò sí ẹni tí yóò ka orúkọ yẹn tí yóò rò pé nítorí kí wọ́n lè máa ṣọ́ ènìyàn nìkan ni wọ́n ṣe dá a sílẹ̀.

“Ìkóníjàánu” dùn létí, mo gbà, ṣùgbọ́n ibi tí ìyá wa gbé e gbà kò bá ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá mu. Ẹni tí ó to iṣẹ́ márààrún yìí lẹ́sẹẹsẹ ni Henri Fayol, ẹnjiníà ará Faransé tí ó ti ṣe ọ̀gá iléeṣẹ́ tí ń wa èédú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó gbé èrò rẹ̀ jáde ní 1916. Èdè Faransé ni ó fi kọ ọ́, “contrôler” sì ni ó pe iṣẹ́ karùn-ún. Ní èdè àwọn Faransé, ẹni tí ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì àwọn èrò wò nínú ọkọ̀ ojúurin ni à ń pè ní “contrôleur”. Kì í di ẹnikẹ́ni mú, ó ń wò bóyá ohun tí ó wà lọ́wọ́ èrò bá ohun tí ó yẹ kí ó wà níbẹ̀ mu ni. Ohun tí Fayol ní lọ́kàn nìyẹn: kí a yẹ̀ ẹ́ wò bóyá iṣẹ́ ń lọ gẹ́gẹ́ bí a ti gbèrò rẹ̀, kí a rí àṣìṣe, kí a tún un ṣe, kí ó má sì wáyé mọ́. Nínú ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ìwé náà, èyí tí ó gbajúmọ̀ jù nínú wọn jáde ní 1949, ni a ti wá ń kà á ní “control”, ọ̀rọ̀ tí ó gba ìkáwọ́ àti ìjánu mọ́ra ju ti Faransé lọ, ìtumọ̀ tí kò sí lọ́kàn Fayol yìí ni a sì fẹ́ sọ di Yorùbá.

Ẹ wo aládìrẹ kan ní Kẹ́mta tí oníbàárà fún ní àpẹẹrẹ aṣọ kí ó pa aró rẹ̀ bákan náà. Bí ó bá fa aṣọ yọ nínú ìkòkò, àwọ̀ ewé ni yóò kọ́kọ́ hàn lára rẹ̀ kí atẹ́gùn tó sọ ọ́ di àwọ̀ aró, nítorí náà kò ní yára dá a lẹ́jọ́. Yóò nà án sókè, yóò dúró, lẹ́yìn náà ni yóò gbé àpẹẹrẹ oníbàárà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí kò bá tíì dú tó, ó tún di inú ìkòkò. Bí ó bá rí i pé ẹ̀kọ tí ó fi ya iṣẹ́ ti ṣí létí aṣọ tí aró sì ti wọ ibi tí kò yẹ, ó mọ̀ pé òun yóò ro ẹ̀kọ tí ó ki jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà mìíràn. Òṣùwọ̀n wà níbẹ̀, ìfiwéra wà níbẹ̀, àtúnṣe náà sì wà níbẹ̀, bí ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ṣe tò wọ́n gan-an, láìsí ẹnikẹ́ni tí a kó níjàánu.

Ìdí nìyí tí mo fi dábàá “ìyẹṣẹ́wò”, ìyẹn yíyẹ iṣẹ́ wò, fún controlling. Ẹnìkan lè sọ pé yóò dàrú mọ́ àyẹ̀wò ìwé owó tí àwọn ọ̀dítọ̀ ń ṣe. Iṣẹ́ tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ náà yóò yà wọ́n sọ́tọ̀: ti ọ̀dítọ̀ parí sí ìjábọ̀, ti máníjà kò parí títí tí àtúnṣe yóò fi wọlé.

Lórí planning, “ìgbèrò” ni mo yàn. “Ìpète” tí àwọn kan mú wá kò burú ní ìpìlẹ̀, ṣùgbọ́n bí a bá ní ẹnìkan ń pète, etí Yorùbá máa ń retí ibi. Fún organising, kí a fi “ìṣètò” sílẹ̀ fún un, kí a má sì gé e kúrú di “ìtò”, nítorí pé àwọn ọmọ wa kì í fi àmì sí ohun tí wọ́n bá tẹ̀ lórí fóònù, ẹ sì mọ ohun tí ẹni tí ó bá ka “ito” lásán lè kà sí i. “Ìdarí” àti “ìmúṣọ̀kan” tó fún méjì tí ó kù.

Ọ̀kan lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà bèèrè ìdí tí kò fi sí controlling nínú POSDCORB, ìkékúrú tí Luther Gulick gbé jáde ní 1937 fún planning, organising, staffing, directing, coordinating, reporting àti budgeting, tí gbogbo wọn ti kọ́ sórí. Ìjábọ̀ àti ètò ìnáwó, tí ó jẹ́ R àti B ìparí rẹ̀, ni ó gba iṣẹ́ náà ṣe, nítorí náà kí ó má fi ìyẹṣẹ́wò kún un bí wọ́n bá ní kí ó tú lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ní ti staffing tí ó wà nínú rẹ̀, “ìgbanisíṣẹ́” tí wọ́n ń lò kò tó, torí pé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn òṣìṣẹ́ náà wà lábẹ́ rẹ̀. “Ètò òṣìṣẹ́” ni n óò fọwọ́ sí, àyàfi bí ẹlòmíràn bá ní èyí tí ó sàn jù ú lọ.