Báwo ni mo ṣe lè kọ́ òkìtì àtàsẹ́yìn lórí síkì láì fara pa?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ síkì, eré yíyọ̀ lórí yìnyín, dáadáa. Mo ti lè ta òkìtì sẹ́yìn lórí tíràmpólíìnì (aṣọ líle tí wọ́n nà, tó máa ń ta èèyàn sókè) láìsí ẹni tó dì mí mú, ṣùgbọ́n bí mo bá ti rántí pé pátákó gígùn méjì yóò wà lẹ́sẹ̀ mi, àyà mi a já. Ohun tí mo bẹ̀rù jù ni kí n ju orí sẹ́yìn kí n tó kúrò létí ibi ìfò, kí n wá fi ọrùn gúnlẹ̀.

Ní Utah Olympic Park, nítòsí Park City ní Amẹ́ríkà, àwọn eléré máa ń fi síkì fò bọ́ sínú adágún omi nígbà ooru. Ṣé ibẹ̀ ni kí n ti bẹ̀rẹ̀, àbí inú kòtò fóòmù, ìyẹn kòtò tí wọ́n kó fóòmù rírọ̀ kún? Kí ni ẹ̀yin fi mọ̀ pé ó ti tó àkókò láti gbé e lọ sórí yìnyín?